"Bẹ́ẹ̀ ni" tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni: àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tíṣà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ (stroke) kọlu Tíṣà, fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: "Bẹ́ẹ̀ ni." Bí ẹ bá bi í pé ṣé ebi ń pa á, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá bi í pé ṣé ó ti yó, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ máa ń yí padà: nígbà mìíràn á sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀, nígbà mìíràn bí ẹni inú ń bí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú agbo ilé wa ká, obìnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó lé lórí. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe lọ, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Tíṣà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, àfi ìyàwó rẹ̀ tó ń pè é ní Bàbá Ìbejì. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Yàrá ẹ̀yìn ní ilé rẹ̀ ni mo ń gbé, bàọ́lọ́jì sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo máa padà sí i.

Àárọ̀ Sátidé ni. Agogo méje kò tíì lù. Wọ́n ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, Ìyá Ìbejì sì ti gbé tíì fún un ní fàráńdà, níbi tó máa ń jókòó sí kó lè máa wo òkè Olósùnta. Ìró ife la kọ́kọ́ gbọ́ lórí sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, Tíṣà ń wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Tíì gbígbóná ti dà sí i lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, kò sì gbé ẹsẹ̀ náà kúrò. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ wálẹ̀ lápá ọ̀tún, itọ́ ń gba ibẹ̀ jáde. Mo ní, "Bàbá, kí ló ṣe yín?" Ó la ẹnu, ó tún un là. "Bẹ́… bẹ́…"

Ìyá Ìbejì ti ń pariwo Jésù. Àwọn aládùúgbò wọlé. Ẹnì kan ní ká rọ epo pupa sí i lẹ́nu, òmíràn ní ká fi ṣíbí la eyín rẹ̀. Ọlọ́run ló ní ká má ṣe é. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ báyẹn, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n gbé mì mọ́, ohun tí wọ́n bá fún un mu á gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà. Wọ́n ní ibà ni, pẹ̀lú àárẹ̀. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ní kó sinmi. Ó di ọ̀sán kí wọ́n tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: 210 lókè, 120 nísàlẹ̀, ó ga kọjá ààlà. Síbẹ̀ wọ́n ní ká dúró. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní bàọ́lọ́jì jókòó síbẹ̀ di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mò ń wo omi tó ń kán. Mo ti ya ọpọlọ sí pátákó lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ mẹ́ta pín in, mo ti fi ṣe ìdánwò. Ẹnu wọ́ lápá ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún rọ, ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu: gbogbo rẹ̀ wà níwájú mi, mi ò sì so ó pọ̀ mọ́ ohun tí mò ń yà. Ó ń dùn mí di òní.

Ìdí tó fi ń dùn mí ni pé ọpọlọ kò ní àká. Àgbàlagbà tó ní àádọ́rin kílò, ọpọlọ rẹ̀ kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ, nǹkan bí 1.4, ìdá kan nínú àádọ́ta ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ọ́síjìn tí gbogbo ara ń lò. Kò tọ́jú nǹkan kan pamọ́ de ọ̀la. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé dé báyìí ló máa jẹ báyìí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá mẹ́rin ló ń gòkè gba ọrùn lọ bọ́ ọ, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn tí wọ́n gba inú ihò eegun ọrùn. Bí ẹ̀ka wọn kan bá dí, ibi tí ẹ̀ka náà ń bọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn oníṣègùn ti ṣírò rẹ̀: bí iṣan ńlá bá dí tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló ń lọ ní ìṣẹ́jú kan. Lóòótọ́, a ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 86, ṣùgbọ́n èyí tó bá kú kò ní jí mọ́.

Ibi tó kú kì í sì í dá dúró. Agbègbè kan máa ń yí i ká tí ebi ń pa, tí kò lè ṣiṣẹ́, àmọ́ tí ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Nítorí agbègbè yẹn ni wákàtí fi níye lórí. Oògùn kan wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì, wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ni àǹfààní rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi CT scan wo inú orí kí wọ́n tó fún ni, torí bó bá jẹ́ pé ńṣe ni iṣan bẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sínú ọpọlọ, oògùn kan náà lè pa aláìsàn. Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó-Èkìtì kò ju ìdajì wákàtí lọ bí ọ̀nà bá dá. A fi wákàtí mẹ́sàn-án wo omi tó ń kán. Bí ẹ bá rí ẹni tí ẹnu rẹ̀ ṣàdédé wọ́, tí apá kan ara rẹ̀ rọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́, ẹ má ṣe jókòó bí mo ṣe jókòó. Ẹ wo aago, ẹ rántí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè wo inú orí.

Adó la sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ó ti tó oṣù méjì tí Tíṣà ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà náà pé orí kò fọ́ òun mọ́, ara òun ti yá, kí ni òun tún ń náwó sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru lè ga fún ọdún mẹ́wàá kí orí má fọ́ ẹni lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà obìnrin kan, ọ̀dọ́, fi àwòrán inú orí rẹ̀ hàn wá. Lápá òsì, ibì kan dúdú díẹ̀ ju ìyókù lọ, bí ojú ìwé tí omi kán sí. Mo dúró wò ó pẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Tíṣà ti bá wa sọ láti kékeré, ìbáwí rẹ̀, àlọ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń pe orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì láì wo ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbà jáde.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí inú orí ṣe rí, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà lè yé yín.

Nígbà òjò, tí àsálà bá pọ̀ lójú ọ̀nà, mo máa ń rà á wọ kíláàsì. Ẹ fọ́ ọ, ẹ bó o, ẹ óò rí i pé ọmọ inú rẹ̀ là sí méjì. Ọpọlọ náà là sí méjì bẹ́ẹ̀, òsì àti ọ̀tún, okùn sẹ́ẹ̀lì kan tó nípọn ló so wọ́n pọ̀ láàárín. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Ìdí nìyẹn tí agbárí fi yí i ká, tí awọ mẹ́ta tún wé e lábẹ́ agbárí, tí omi gaara sì wà níbẹ̀ tí ọpọlọ ń léfòó lórí rẹ̀. Ojú rẹ̀ kájọ, ó rún, bí aṣọ ńlá tí wọ́n kì sínú àpò kékeré.

Ohun tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù ni pé ìlàjì òsì ló ń darí apá ọ̀tún ara, ti ọ̀tún sì ń darí òsì. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọpọlọ ti fẹ́ di mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ni àwọn okùn tó ń gbé àṣẹ ti kọjá ara wọn. Ọwọ́ ọ̀tún Tíṣà kò ní àrùn kankan. Eegun rẹ̀ pé, ẹran rẹ̀ pé. Ẹni tó ń rán an níṣẹ́ ló dákẹ́ lápá kejì orí.

Ibi kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìpàkọ́ ló ń ríran, ojú kàn ń gbé ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ orí, nítòsí etí, ló ń gbọ́ràn, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún sì ni ìrántí tuntun ti ń rí ibi dì mú. Iwájú orí ló ń ro ọ̀la, òun náà ló ń sọ fún ènìyàn pé má sọ èyí, ó ti tó. Lábẹ́ ìpàkọ́, ọpọlọ kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ wo obìnrin mẹ́ta tó ń gún iyán nínú odó kan, ọmọ odó mẹ́ta tó ń lọ sókè sódò láì kọlu ara wọn: ọpọlọ kékeré yẹn ló ń bá wọn ṣírò rẹ̀. Ìdí ọpọlọ, tí kò nípọn ju àtàǹpàkò lọ púpọ̀, ló ń ṣàkóso èémí àti bí ọkàn ṣe ń lù, tọ̀sán tòru. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ìdíwọ́ náà bọ́ sí, ìtàn mìíràn ni ǹ bá máa kọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, ìlàjì òsì ló ń gbé fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Nítòsí ẹ̀bátí òsì ni ibi tó ń to ọ̀rọ̀ wà, òun ló ń sọ fún ètè, ahọ́n àti ọ̀fun bí wọn yóò ṣe tẹ̀lé ara wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, lókè etí òsì, ni ibi tó ń túmọ̀ ohun tí a gbọ́. Ọ̀kan lè kú kí èkejì wà. Ti Tíṣà, èyí tó ń to ọ̀rọ̀ ló lọ. Ó ń gbọ́ wa. Dókítà náà sọ ọ́ fún wa ní gbólóhùn méjì, aláìsàn mìíràn ń dúró dè é. Ó yé mi. Mi ò jókòó ti àwọn ará ilé kí n là á yé wọn, mo rò pé ó yé àwọn náà.

Ọjọ́ kejìlá la gbé e wálé. Ilé kún fún àlejò. Wọ́n ń jókòó yí i ká, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀: owó tí a ti ná, ẹni tó máa gba ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Isẹ̀ bí ó bá ṣaláìsí. Mo rí bó ṣe ń ti ojú ẹni kan bọ́ sí ojú ẹlòmíràn.

Nínú agbo ilé wa, ìyàwó àbúrò rẹ̀ kan wà tí gbogbo wa ṣì ń pè ní Ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ àkọ́bí ti wọ yunifásítì. Òun ló ń gbé oúnjẹ wá fún Tíṣà láràárọ̀. Ẹ̀kọ ló máa ń pò fún un, tó máa jẹ́ kó ki díẹ̀ kó má baà há a lọ́fun, á sì rọra fi ṣíbí kékeré fi í sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ní agbára.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnì kan mú ọkùnrin kan wá pé kó gbàdúrà fún un. Ọkùnrin náà di ọwọ́ Tíṣà mú, ó ní, "Bàbá, ṣé ọwọ́ ayé ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé inú agbo ilé yìí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé obìnrin ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni!"

"Ṣé ó ń gbé oúnjẹ fún yín?"

Omijé ti ń bọ́ lójú Tíṣà. Ó ń fi ọwọ́ òsì gbá apá àga. "Bẹ́ẹ̀ ni!" Ẹnì kan ní, ẹ wò ó, ó ń sunkún, ó ń dùn ún. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kúlà oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó wọlé. Ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó gbé kúlà rẹ̀ padà. Èmi rí i pé bí Tíṣà ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni, orí rẹ̀ ń mì sọ́tùn-ún sósì.

Mi ò sùn lóru yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bẹ Ìyá Ìbejì kó bá mi pe gbogbo wọn jọ, àti àbúrò Tíṣà, àti ẹni tó mú alágbàdúrà wá. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo kí i, mo tọrọ àforíjì pé mo fẹ́ bi í ní ìbéèrè tí kò yẹ kí ọmọ bi bàbá. Mo ní, "Bàbá, ṣé Ìkẹ́rẹ́ la wà yìí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé Èkó la wà?" Bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣé èmi ni mo bí yín?" Ó mi orí rẹ̀ gidigidi, ó fi ọwọ́ òsì gbá mi lápá. "Bẹ́ẹ̀ ni!"

Yàrá náà pa rọ́rọ́.

Mo ní, "Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ na ọwọ́ òsì sókè. Bí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ gbé e lé itan." Mo tún gbogbo rẹ̀ bi. Ìkẹ́rẹ́ la wà: ọwọ́ lọ sókè. Èkó la wà: itan. Èmi ni mo bí yín: itan. Mo bi í bóyá ọmọ méje ló bí, itan. Márùn-ún ńkọ́? Ọwọ́ lọ sókè. Kò ṣi ẹyọ kan.

Ìgbà yẹn ni mo wá ní, "Ṣé Ìyàwó ṣe yín ní ibi kankan?"

Ó gbé ọwọ́ lé itan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn gírígírí, ó sì ń wo wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ dúró sí. Kò gbé ọwọ́ yẹn kúrò lórí itan títí àbúrò rẹ̀ fi dìde jáde.

Ìyá Ìbejì fi ogún ọdún ju Ìyàwó lọ. Òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí yàrá rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, kúlà náà padà wá.

Ní 1861, nítòsí ìlú Paris ní ilẹ̀ Faransé, ọkùnrin kan kú sí ilé ìwòsàn Bicêtre. Leborgne ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Tan ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí "tan" ni ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo ìbéèrè, fún ọdún mọ́kànlélógún tó lò níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ fún un ń yé e. Dókítà Paul Broca ló yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò lẹ́yìn tó kú, ó rí i pé apá òsì níwájú ti bàjẹ́. Àtìgbà náà ni àwọn oníṣègùn ti ń fi orúkọ Broca pe ibẹ̀. Nígbà tí mo ka ìtàn yìí fún Tíṣà, mo kà á fún un pátápátá, mi ò gé nǹkan kan, ó di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé ohun tó dùn mọ́ ọn ni pé ẹnì kan ti rin ọ̀nà yìí rí, wọ́n sì mọ orúkọ ọ̀nà náà.

Leborgne tún ní ohun kan mìíràn. Bí inú bá bí i gan-an, èébú odindi máa ń já lẹ́nu rẹ̀. Ti Tíṣà ṣẹlẹ̀ níṣojú mi. Ewúrẹ́ wọ àgbàlá, ó ki ẹnu bọ iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ, Tíṣà sì kígbe láti fàráńdà: "Olórí burúkú!" Ó dá ṣáká bíi ti ìgbà tó wà ní kíláàsì. Ìyá Ìbejì sáré jáde, ó ń dúpẹ́, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ tún un sọ!" Ó la ẹnu, ó gbìyànjú títí òógùn fi bò ó. "Bẹ́ẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń tò fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti wà ní dídì bí ẹrù tí a kì í tú: èébú, ìkíni, Àdúrà Olúwa, ení, èjì, ẹ̀ta. Wọn kì í gba ojú ọ̀nà kan náà. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ "ení" fún un, á kà á dé ẹ̀wá. Bí a bá ní kó sọ "ẹ̀rin" nìkan, kò ní lè sọ ọ́.

Ọmọ rẹ̀ tó wá láti Èkó mú bíró àti ìwé fún un, ó rò pé bí ẹnu bá kọ̀, ọwọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀. Òsì ló fi di bíró mú. Ó fa ìlà méjì, ó dúró, ó wo ìwé náà títí, ó sì tì í kúrò níwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí. Ahọ́n rẹ̀ kò kú. Ibi tí èrò ti ń di ọ̀rọ̀ ló bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni ẹnu àti bíró ti jọ ń pọnmi.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, àwọn ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀ wá kí i. Wọ́n dá orin. Ní ẹsẹ kejì, ohùn kan dara pọ̀ mọ́ wọn láti orí àga. Tíṣà ń kọrin, tọ̀rọ̀ tọ̀rọ̀, ohùn bééṣì rẹ̀ àtijọ́. Àwọn kan wólẹ̀, wọ́n ní ìdè ti já. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ìyanu ni lójú èmi náà, omijé bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìlàjì ọ̀tún ní ọwọ́ tó pọ̀ nínú orin, ìlàjì ọ̀tún ti Tíṣà sì wà láìfarapa. Bí orin náà ṣe parí ni ọ̀rọ̀ parí.

Ẹni tó ń bá a na ẹsẹ̀ ní Adó ló sọ fún wa pé a lè lo orin yẹn. Láti 1973 ni àwọn oníṣègùn kan ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ti gbé ìtọ́jú kan jáde: wọ́n á fi ohùn orin gbé gbólóhùn kúkúrú, aláìsàn á máa fi ọwọ́ òsì lu ìlù rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ wọ́n á yọ orin náà kúrò, ọ̀rọ̀ á ṣẹ́ kù. Mo rò ó, mo rí i pé a ti ní i nílé. Ta ni kò kọ́ dò-re-mí lọ́dọ̀ Tíṣà? Gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ní orin tirẹ̀ nínú tẹ́lẹ̀. "Omi" jẹ́ re-re. "Bẹ́ẹ̀ ni" jẹ́ mí-dò-re. "Rárá" jẹ́ mí-mí.

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ la ń ṣe é. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, mo gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé itan, mo ń fi lù ú: re-re, re-re, omi, omi. Ó máa kùn ún pẹ̀lú mi, ẹnu pípadé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn rẹ̀ á bọ́ sí i gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu, "bẹ́ẹ̀ ni" á yọ. Ó rẹ̀ ẹ́, ó rẹ èmi náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kú kò padà, àwọn tó wà láàyè nítòsí wọn ló ń kọ́ iṣẹ́ tuntun, bí ìgbà tí afárá já tí àwọn ọlọ́kadà ń la ọ̀nà àbùjá inú oko. Wọ́n á rìn ín títí kó tó dán.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ̀fọn ti ń jáde. Tíṣà wo ẹnu ọ̀nà, ó lu itan rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Ulé."

Kò sọ pé ilé. Ó sọ pé ulé, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pè é kó tó mọ̀wé. Tíṣà yìí kan náà ló máa ń fi bíró pupa fa igi sí "ulé" àti "usu" nínú ìwé wa tó bá di àròkọ. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, kí èdè tí a mu pọ̀ mọ́ ọmú ṣíwájú èyí tí a kọ́ nílé ìwé. A gbé e wọlé. Mo gba igi yẹn padà fún gbogbo wa lọ́kàn mi.

Lẹ́yìn ulé ni omi dé, lẹ́yìn náà Ìbejì, lẹ́yìn náà ó dùn. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìsí ohun tó so wọ́n pọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ṣì wúwo, ó ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu géètì. Oògùn ìfúnpá rẹ̀ wà nínú àpótí kékeré, Ìyá Ìbejì ló ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá wá kí i, a ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣe é: kí wọ́n bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan, gbólóhùn kúkúrú, torí èyí tó bá gùn tó sì lọ́ máa ń já mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí wọ́n dúró dè é. Kí wọ́n wo ọwọ́ òsì.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá lójú méjèèjì kò tíì dé. Oṣù kẹrin ti wọlé. Ọjọ́ Àìkú ni, Ìyàwó ló gún iyán, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú ẹja ló fi sè é. Tíṣà fi ọwọ́ òsì jẹun dáadáa. Ìyàwó dìde pẹ̀lú ìgbakọ, ó tẹ̀ síwájú, ó ní, "Bàbá, ṣé kí n bu ọbẹ̀ sí i?"

Mo ti mọ ohun tó máa sọ, mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo gbọ́ tí ó ń kùn. Mí-mí. Mo wò ó. Ọwọ́ òsì ti wà lórí itan, ó ń lù ú, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Rárá."

Ìgbakọ dúró lójú òfuurufú. Ọbẹ̀ ń kán sí orí tábìlì, kò sí ẹni tó nu ún. Ìyàwó gbé e sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó sì rọra tún un bi, ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ni. "Bàbá, ṣé kí n bù sí i?"

"Rárá," ni Tíṣà wí.